Ohùn James Earl Jones: ta ló láṣẹ lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí olóhùn ti lọ?

Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Epic Games gbé Darth Vader, ọ̀tá aláṣọ dúdú inú fíìmù Star Wars, wọnú géèmù Fortnite. Wọ́n ti gbé e wọ ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Ẹni tó ń gbá géèmù lè gba ẹnu máìkì bá a sọ̀rọ̀, Vader á sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù kó bi í. Ohùn tó fi ń dáhùn, tí wọ́n fi AI (ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá) ṣe, ni ohùn James Earl Jones, àgbà òṣèré Amẹ́ríkà tó papò dà ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 93. Kò pẹ́ rárá tí àwọn kan fi ta ọgbọ́n tí ohùn àgbà náà fi ń sọ ìsọkúsọ. Epic ní láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú làwọn ti tún un ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, SAG-AFTRA, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn òṣèré Amẹ́ríkà, kọ̀wé ẹ̀sùn lórí ọ̀rọ̀ náà.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ti pín sí méjì. Àwọn kan ní mọ̀lẹ́bí olóògbé ló fọwọ́ sí i, kí ló wá kan ẹlòmíì níbẹ̀? Àwọn kan ní ohùn òkú kì í ṣe ọjà. Lójú tèmi, apá méjèèjì ń fo ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà. Jones fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí nǹkan kan nígbà tó wà láyé. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ fọwọ́ sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn tó lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe ti àkọ́kọ́ àti èyí tí wọ́n fi ṣe ìkejì kò sì jọra rárá. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ yìí dáadáa ní láti ya wọ́n sọ́tọ̀, kó sì mọ bí ọkùnrin náà ṣe rí ohùn ọ̀hún kó tó di pé gbogbo ayé ń du ú.

Ọdún mẹ́jọ láìsọ̀rọ̀

Ìlú Arkabutla ní ìpínlẹ̀ Mississippi ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1931. Bàbá rẹ̀, Robert Earl Jones, kò sí nílé tí ọmọ náà fi dàgbà. Ó lọ ń kan ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀yìn ìyẹn ló di òṣèré. Àwọn òbí ìyá rẹ̀, John Henry àti Maggie Connolly, ló tọ́ ọ. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí wọ́n kó ẹrù lọ sí oko kan nítòsí Dublin ní Michigan, lásìkò tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé aláwọ̀ dúdú ń kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá. Ìṣípò náà da ọkàn ọmọ rú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, nígbà tó yá ó kúkú pa ẹnu dé. Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ni kò fi bẹ́ẹ̀ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àwọn ẹran ọ̀sìn inú oko ló ń bá sọ ọ́. Nílé ìwé, ó máa ń kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé ni.

Donald Crouch, olùkọ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama ní Brethren, ló kẹ́fín pé ọmọ náà ń kọ ewì. Ọ̀kan nínú ewì náà dá lórí irú ọsàn ńlá kan tí wọ́n kó wá láti Florida nígbà òtútù. Olùkọ́ ní ewì yìí ti dára jù, pé bó bá jẹ́ òun ló kọ ọ́ lóòótọ́, kó dìde kó kà á lórí fún gbogbo kíláàsì. Ọmọ dìde. Ó ké ewì náà látòkè délẹ̀, ahọ́n rẹ̀ kò lọ́ rárá. Àwọn tó mọ̀ nípa ìkólòlò mọ ìdí rẹ̀: ọ̀pọ̀ akólòlò máa ń sọ̀rọ̀ geere bí ọ̀rọ̀ náà bá ní ìlù nínú, tí wọ́n sì ti há a sórí, nítorí wọn kò ní láti máa wá ọ̀rọ̀ kiri kí wọ́n tó gbé e jáde. Láti ọjọ́ yẹn ni Crouch ti ń mú un ka ewì sókè.

Jones kò fìgbà kan sọ pé òun bọ́ lọ́wọ́ ìkólòlò. Títí ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló ń sọ pé akólòlò lòun. Ìdákẹ́ kékeré tó máa ń wà láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀, bó ṣe ń fi ẹ̀sọ̀ gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ kó tó mú òmíràn, mo gbà pé inú ìjàkadì yẹn ló ti wá. Ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní ẹ̀bùn ohùn, iṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa lò ó fi yẹ ní ohun tí à ń fara balẹ̀ wò.

Orí ìtàgé ló kọ́kọ́ gbà á

Ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́ kọ́ nígbà tó wọ Yunifásítì Michigan, ṣùgbọ́n ó yà sí eré orí ìtàgé, ó sì jáde ní 1955. Ó ṣe sójà díẹ̀. Ní gbọ̀ngàn eré Ramsdell nílùú Manistee, ó ṣe káfíńtà lẹ́yìn ìtàgé, ó sì ṣeré níwájú ìtàgé. Nígbà tó dé New York, iṣẹ́ agbálẹ̀ ló fi ń jẹun bó ti ń kọ́ṣẹ́ eré ní American Theatre Wing.

Ní 1961, ó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ The Blacks, eré Jean Genet, pẹ̀lú Maya Angelou, Cicely Tyson, Louis Gossett àti Roscoe Lee Browne. Ìgbà 1,408 ni wọ́n ṣe eré náà kí wọ́n tó ká a nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, olùdarí fíìmù Stanley Kubrick lọ wo George C. Scott nínú eré Shakespeare kan ní ọgbà Central Park, ó sì rí Jones níbẹ̀. Bó ṣe wọ inú Dr. Strangelove ní 1964 nìyẹn, fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́.

The Great White Hope ló sọ ọ́ di ńlá. Eré náà dá lórí ìgbésí ayé Jack Johnson, ọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gba ìgbànú abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò lágbàáyé nípele àwọn tó wúwo jù. Jack Jefferson ni wọ́n pè é nínú eré. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Arena Stage ní Washington ní 1967, ó dé Broadway, àdúgbò ilé ìtàgé ńlá ní New York, ní 1968, Jones sì gba àmì ẹ̀yẹ Tony ní 1969. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di fíìmù ní 1970, wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Oscar. Sidney Poitier nìkan ni aláwọ̀ dúdú tó ti dé ibẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin tó kó ipa olú ẹ̀dá ìtàn. Ìgbà mẹ́jọ lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣeré ní Broadway. Ẹni tó bá fi ọ̀fun nìkan sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí ohùn á fi há. Láti ikùn ni wọ́n ti ń ti èémí wá, kí ọ̀rọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá láìsí pé òṣèré pariwo. Ohùn tó ti la gbogbo èyí kọjá ni àwọn onífíìmù Star Wars wá yá.

Dọ́là 7,000

David Prowse ló wọ aṣọ dúdú Darth Vader ní 1977. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ará Bristol ló fi ń sọ̀rọ̀, George Lucas, tó ṣe fíìmù náà, kò sì fẹ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ fún Vader. Wọ́n pe Jones wá sí sìtúdíò. Wákàtí mélòó kan péré ló fi parí gbogbo ọ̀rọ̀ Vader, wọ́n san dọ́là 7,000 fún un, owó gidi sì ni lójú rẹ̀ nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má kọ orúkọ òun sínú fíìmù méjì àkọ́kọ́. Ó ní Prowse ló ṣeré, pé ara àrà tí wọ́n fi ẹ̀rọ dá sínú fíìmù lòun. Orúkọ rẹ̀ kò hàn títí di 1983.

Èémí gbígbẹ tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ Vader kì í ṣe ti Jones. Ben Burtt, ẹni tó ṣètò ìró fíìmù náà, ló ki máìkì kékeré bọ inú ẹ̀rọ tí àwọn òmùwẹ̀ fi ń mí lábẹ́ omi, tó mí sínú rẹ̀, tó sì gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ló para pọ̀ di ohùn Vader: ìró ohùn Jones, bí Jones ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà, àti ohun tí àwọn onísìtúdíò fi lé e lórí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn AI ti máa wọlé.

Bí ó ṣe sọ ọ́ ló ṣòro jù. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù kejì, tó jáde ní 1980, Jones fẹ́ fi ìwà èèyàn díẹ̀ kún Vader. Wọ́n ní rárá, kí ohùn náà máa rìn lójú ọ̀nà tóóró, kó má máa lọ sókè sódò. Bí ẹ bá tẹ́tí sí i, ẹ ó rí i pé Vader kì í sábà pariwo bí inú bá ń bí i. Ńṣe ló máa ń fa ọ̀rọ̀, tí òpin gbólóhùn á sì wálẹ̀. Mo gbà pé ojú ọ̀nà tóóró yìí wà lára ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún ẹ̀rọ láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ká ní Troy Maxson ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe, bàbá tó ń kó ilẹ̀ káàkiri ìgboro nínú Fences, eré August Wilson tí Jones fi gba Tony kejì ní 1987, ìṣòro ńlá ni ì bá jẹ́: ọkùnrin tó ń ṣàwàdà, tó ń halẹ̀ mọ́ ọmọ, tí ìbànújẹ́ sì ń gbà á lọ́kàn nínú ìran kan náà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, ọba Zamunda nínú Coming to America (1988) ni a mọ̀ ọ́n sí, tó ń sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń lu gbẹ̀du. Mufasa, ọba kìnnìún inú The Lion King, tẹ̀ lé e ní 1994. Ọ̀pọ̀ ọdún ni CNN fi ń lo ohùn rẹ̀ láti pe orúkọ ara wọn lórí afẹ́fẹ́. Ó gba Emmy méjì lọ́dún kan ṣoṣo, 1991, ó gba Oscar ìdánilọ́lá ní 2011 àti Tony fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀ ní 2017. Ní 2022 wọ́n sọ gbọ̀ngàn Cort ní Broadway di James Earl Jones Theatre.

Ohun tó fọwọ́ sí kó tó lọ

Disney ra Lucasfilm, ilé iṣẹ́ tó ni Star Wars, ní 2012, Vader sì bá a lọ. Jones tún sọ ohùn rẹ̀ nínú Rogue One ní 2016, ó sì padà sídìí Mufasa ní 2019. Ẹni ọdún 88 ni nígbà náà, ohùn àgbàlagbà kì í sì í purọ́. Bí ọkùnrin bá ti darúgbó gan-an, iṣan tín-ín-rín inú ọ̀fun á máa tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, èémí kì í pọ̀ tó tẹ́lẹ̀, ìró ohùn sì lè ga díẹ̀. Vader tí wọ́n fẹ́ lò nínú Obi-Wan Kenobi, eré Star Wars orí tẹlifíṣọ̀n, gbọ́dọ̀ kéré ní ọjọ́ orí sí Vader ti 1977.

Jones sọ fún Matthew Wood, ọ̀kan lára ọ̀gá oníṣẹ́ ìró ní Skywalker Sound, ẹ̀ka ìró Lucasfilm, pé òun ń rò ó láti gbé Vader sílẹ̀. Wood fi iṣẹ́ Respeecher hàn án, ilé iṣẹ́ kan ní Ukraine tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀dà ohùn, tó sì ti bá wọn ṣe ohùn Luke Skywalker, akọni Star Wars, nígbà ọ̀dọ́. Àgbà náà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi ohùn òun àtijọ́ tó wà ní ìpamọ́ ṣe é. Wood ní bàbá náà ṣì ń tọ́ wọn sọ́nà lórí bí Vader yóò ṣe sọ̀rọ̀. Nígbà tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022, Bogdan Belyaev, ọ̀kan lára òṣìṣẹ́ Respeecher, wà ní Lviv tó ń fi fáìlì ohùn Vader ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà bí fèrè ìkìlọ̀ ogun ti ń dún lórí wọn. Eré náà jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn.

Ẹ wo bí ìyọ̀ǹda yẹn ṣe rí. Olóhùn wà láyé. Ó mọ eré tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ohùn náà máa sọ ti wà lórí ìwé. Ó ní ẹnu níbi bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀rọ méjì, iṣẹ́ méjì

Iṣẹ́ irú ti Respeecher, ohùn ni wọ́n ń sọ di ohùn. Wọ́n á kọ́kọ́ kó ohùn ẹni náà jọ, èyí tí kò sí orin, èémí ẹ̀rọ tàbí ariwo abẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú fíìmù, orí okùn ìró ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu sí, bó bá sì wà ní ìpamọ́ lọ́tọ̀, iṣẹ́ ti rọrùn. Wọ́n á fi kọ́ kọ̀ǹpútà títí tó fi mọ ìró náà. Lẹ́yìn náà, òṣèré mìíràn á wọ sìtúdíò, á sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Vader pẹ̀lú ìbínú rẹ̀, ìdákẹ́ rẹ̀ àti bó ṣe ń fà á. Kọ̀ǹpútà á wá bọ́ ìró ohùn òṣèré náà kúrò, á sì fi ti Jones wọ̀ ọ́. Ní ìparí, onísìtúdíò á fi èémí àti dídún inú àṣíborí lé e.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ pọ̀. Bí ohùn tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ bá ní ìgbọ̀nrìn yàrá nínú, ẹ̀rọ á rò pé ara ohùn ni, á sì máa fi í sínú gbogbo ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá po ohùn 1977 mọ́ ti 2019, ọjọ́ orí ohùn náà á máa yí padà láàárín gbólóhùn kan. Bí kò bá sí igbe nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ọjọ́ tí òṣèré bá ké, ohùn á fọ́ yánnayànna. Ohùn mímọ́ díẹ̀ wúlò ju wákàtí rẹpẹtẹ tí ariwo wà nínú rẹ̀ lọ. Èyí tó sì ṣe kókó jù ni pé bí ẹni tó jókòó sídìí máìkì kò bá mọ eré ṣe, ẹ̀dà náà á gbẹ bí ohùn tirẹ̀ ṣe gbẹ. Ìró ni ẹ̀rọ ń pèsè, òṣèré alààyè ló ń pèsè eré. Ẹnìkan ṣì ń gba owó iṣẹ́ òṣèré níbẹ̀.

Ti Fortnite kò gba ibẹ̀ yẹn. Epic kéde pé Gemini 2.0 Flash ti Google ló ń ronú ohun tí Vader máa sọ, Flash v2.5 ti ElevenLabs ló sì ń fi ohùn sọ ọ́. Ẹni tó ń gbá géèmù á sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kan á kọ èsì, ẹ̀rọ kejì á ka èsì náà jáde. Kò sí òṣèré láàárín wọn. Kò sí ìwé ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ti kà tẹ́lẹ̀. Olóhùn ò lè sọ pé èyí ni mo fọwọ́ sí, èyí ni n kò fọwọ́ sí, nítorí ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ máa sọ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kò tíì sí láyé ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Ìdí tí ìsọkúsọ fi jáde kò ṣòro láti lóye. Irú ẹ̀rọ báyìí máa ń ní àsẹ́ tó ń dá ọ̀rọ̀ burúkú dúró. Àmọ́ àwọn tó ń gbá géèmù kì í béèrè ọ̀rọ̀ burúkú tààrà. Wọ́n á ní kó tún ohun tí àwọn sọ sọ, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ kan tó dún bí òmíràn tàn án, wọ́n á yí i lọ́rọ̀ títí tó fi bọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èsì gbọ́dọ̀ yá, torí bí Vader bá dákẹ́ pẹ́, ẹni tó bi í léèrè á ti lọ. Bí èsì bá ṣe ń yá tó ni àyè tí àsẹ́ fi lè yẹ̀ ẹ́ wò ṣe ń kéré tó. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣe é kó mọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ni èèyàn lè pa rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i, ohùn tó ti jáde láti inú ẹ̀rọ, ẹni tó ń fi fídíò ká ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mọ̀lẹ́bí Jones fọwọ́ sí i, wọ́n sì sọ pé bàbá náà gbà pé ohùn Vader kò ṣe é yà kúrò lára ìtàn Star Wars, pé ó wù ú kí tọmọdé tàgbà máa gbọ́ ọ lọ. Mi ò ní ìdí láti má gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ pé kí ohùn má parẹ́, ohun kan ni. Ìyọ̀ǹda pé kí ohùn máa dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí ohunkóhun, ohun mìíràn pátápátá ni, mo sì gbà pé ó yẹ kí wọ́n máa béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ lọ́tọ̀.

Kí ni ẹgbẹ́ òṣèré ń bínú sí?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹgbẹ́ náà ń bá mọ̀lẹ́bí jà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tí SAG-AFTRA gbé jáde, wọ́n ní àwọn fara mọ́ ẹ̀tọ́ tí òṣèré àti àwọn àjogún rẹ̀ ní láti yọ̀ǹda ẹ̀dà ohùn. Llama Productions ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, ilé iṣẹ́ tó wà lábẹ́ Epic, tó sì ń gba àwọn òṣèré síṣẹ́. National Labor Relations Board, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ni wọ́n gbé e lọ bá ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún. Ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n fi AI rọ́pò iṣẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láìfi tó ẹgbẹ́ létí, láìjókòó dúnàádúrà. Òfin òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà kò gba agbanisíṣẹ́ tó ní ẹgbẹ́ láyè láti dá irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ṣe.

Iṣẹ́ ta ni? Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé nínú géèmù, Jones kọ́ ni Vader lọ́pọ̀ ìgbà. Scott Lawrence ti ń ṣe ohùn Vader nínú géèmù láti àwọn ọdún 1990. Matt Sloan bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2008. Iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ ni: kí èèyàn mú ìró ẹlòmíì, kó mú ìlù ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó sì fi ṣeré fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìjẹ́ pé ọ̀fun ya. Irú àwọn èèyàn yìí ni ẹgbẹ́ ń sọ nígbà tó ní àwọn kan ti ń fi ohùn wọn bá ìlù àti ìró Vader mu tipẹ́. Ìyọ̀ǹda mọ̀lẹ́bí Jones kò lè fọwọ́ sí i lórúkọ wọn.

Ìyanṣẹ́lódì wà nílẹ̀ nígbà náà pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2024 ni àwọn òṣèré géèmù ti gbé iṣẹ́ jù sílẹ̀, AI sì ni olórí ohun tó fà á. Wọ́n dá a dúró ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n sì dìbò fọwọ́ sí àdéhùn tuntun ní oṣù Keje, èèyàn 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà á wọlé. Owó iṣẹ́ fò sókè ní ìdá 15.17 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda, kó sì sọ ohun tó fẹ́ fi ẹ̀dà ohùn ṣe. Òṣèré sì lè dá ìyọ̀ǹda rẹ̀ dúró nígbà tí ìyanṣẹ́lódì bá ń lọ, kí ẹ̀dà rẹ̀ má baà máa ṣiṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ̀ láti ṣe.

Òfin ibi tí èèyàn kú sí

Kò sí ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá lórí ohùn èèyàn ní Amẹ́ríkà. Fíìmù ní in, ìró tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní in, ohùn fúnra rẹ̀ kò ní. Ilé ẹjọ́ sọ èyí ní 1988, nígbà tí akọrin Bette Midler pe Ford, ilé iṣẹ́ ọkọ̀, lẹ́jọ́ pé wọ́n gba ẹni tó sín òun jẹ láti kọrin nínú ìpolówó ọjà wọn. Ilé ẹjọ́ kan náà sì fi kún un pé bí ohùn akọrin kan bá dá yàtọ̀, tí gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ sín in jẹ láti fi tajà ti jẹ̀bi. Midler gba dọ́là 400,000.

Ní ti òkú, ìpínlẹ̀ tí ẹni náà ń gbé nígbà tó kú ló máa ń pinnu. Dutchess County ní ìpínlẹ̀ New York ni Jones kú sí, nílé rẹ̀. Òfin New York ti 2021 fún àwọn àjogún ní àṣẹ lórí orúkọ, ohùn àti àwòrán olóògbé fún ogójì ọdún, fún ẹni tó bá kú lẹ́yìn tí òfin náà bẹ̀rẹ̀. Ní ti ẹ̀dà tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà ṣe, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2021, ó fi ojú ihò kan sílẹ̀: ẹni tó bá kọ ọ́ hàn gbangba pé òun kò gba ìyọ̀ǹda lè yẹ ẹ̀bi sílẹ̀. California fún àwọn àjogún ní àádọ́rin ọdún. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ikú Jones, gómìnà ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí òfin méjì. AB 1836 ní ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà òṣèré tó ti kú láìgba ìyọ̀ǹda yóò san ó kéré tán dọ́là 10,000. AB 2602 sọ pé àdéhùn tó gba ẹ̀dà ohùn tàbí ìrísí alààyè kò múlẹ̀ bí kò bá ṣàlàyé kedere ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, tí òṣèré náà kò sì ní lọ́yà tàbí ẹgbẹ́ tó ṣojú rẹ̀. Tennessee ti ṣe òfin tirẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ohùn sì wà nínú rẹ̀ ní tààrà. Àbá tó fẹ́ mú gbogbo ìpínlẹ̀ sábẹ́ òfin kan, NO FAKES Act, ni wọ́n tún gbé padà sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Ohun tó ń dáàbò bo òṣèré jù lójoojúmọ́ ni ìwé tó bá fọwọ́ sí. Ìyanṣẹ́lódì fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ti 2023, tó gba ọjọ́ 118, ló gbé àwọn gbèǹdéke àkọ́kọ́ kalẹ̀. Ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi wákàtí 48 sọ fún òṣèré kí wọ́n tó ya ẹ̀dà rẹ̀. Àkókò tí wọ́n fi yà á, iṣẹ́ ni, owó ni wọ́n á san lé e. Bí ẹ̀dà bá ṣeré tí òṣèré fúnra rẹ̀ ì bá fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe, owó ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n á san. Bí kò bá sì yọ̀ǹda kó tó kú, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣojú ogún rẹ̀ ni wọ́n á lọ, tàbí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn Fortnite, ohun tó yẹ kí òṣèré àti lọ́yà rẹ̀ máa wá nínú ìwé ti pọ̀ sí i. Kí gbígba ohùn sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan wà lọ́tọ̀, kí fífi ohùn náà kọ́ ẹ̀rọ wà lọ́tọ̀, owó méjèèjì má pọ̀ mọ́ra. Kí wọ́n kọ ọ́ bóyá ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìwé nìkan ni ẹ̀dà lè sọ tàbí ó lè dá ará ìta lóhùn. Bó bá lè dáhùn, ta ló ń ṣọ́ àsẹ́, ta ló sì ń sanwó ìtanràn bí ìsọkúsọ bá jáde? Kí wọ́n kọ èdè tó lè sọ, torí ẹ̀rọ kan náà lè fi ohùn akólòlò ará Mississippi sọ Faransé àti Japaníìsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kí wọ́n kọ ibi tí fáìlì ohùn tí ẹ̀rọ ti kọ́ yóò máa wà, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n á pa á rẹ́. Kí wọ́n sì dárúkọ, nínú mọ̀lẹ́bí, ẹni tó lè sọ pé rárá lẹ́yìn ikú, àti àwọn ohun tí ẹni náà pàápàá kò láṣẹ láti yọ̀ǹda.